Ọdún Tí A Ń Ṣọ́ Eyín Káyọ̀dé

Ọdún kan wà nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde tó jẹ́ pé ẹnu Káyọ̀dé, àbúrò mi, ni gbogbo wa ń wò. Bó bá jí láàárọ̀, kó tó kí ẹnikẹ́ni, á ti ti ìka bọ ẹnu, á máa mi eyín iwájú rẹ̀ wò, bí ẹni ń yẹ ilẹ̀kùn wò bóyá wọ́n tì í. Eyín kò ní mì. Á fajú ro jáde sí àgbàlá, níbi tí Màmá, ìyá tó bí bàbá mi, ti máa ń jókòó sórí àpótí, tí yóò máa fi páànù oníhò rin ewùrà ìkọ́kọrẹ́. Ìró páànù yẹn ló ń jí mi ju agogo ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Màmá á bi í bóyá ó ti mì, Káyọ̀dé á ní kò tíì mì. Màmá á ní kó má dá ara rẹ̀ lóró, pé bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó pààrọ̀ eyín, pé olóríkunkun ni wọ́n, eyín wọn náà ò sì gbẹ́yìn. Ìjẹ̀bú ponbélé ni Màmá ń sọ. Èmi ni mo ń tún un sọ báyìí kí ará Ọ̀yọ́ náà lè gbọ́. Bàbá mi á wúkọ́ nínú ilé kí ìyá rẹ̀ lè mọ̀ pé òun ń gbọ́. Nígbà náà ni ẹ̀rọ ìránṣọ màmi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ẹyẹlé yóò sì sọ̀ kalẹ̀ láti orí òrùlé wá ṣa ohun tó bá bọ́ sílẹ̀.

Ẹni tí kò gbé ilé wa lè béèrè pé kí ni eyín ọmọ ọdún méje fẹ́ ṣe fún odidi agbo ilé. Ìdí rẹ̀ ni pé ilé-ẹ̀kọ́ tí a ń lọ lọ́dún náà kì í kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà àfi bí eyín ọmọdé bá ti ń ká lẹ́nu rẹ̀. Káyọ̀dé sì fẹ́ mọ̀wé kà ju bó ṣe fẹ́ ẹran lọ, bẹ́ẹ̀ ó fẹ́ràn ẹran. Akọ̀wé ni bàbá mi nílé iṣẹ́ omi, ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí àdúrà àárọ̀ yẹ̀. Bíbélì kan ṣoṣo ló ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, kálukú á ka ẹsẹ tirẹ̀. Bó bá dé ọ̀dọ̀ Káyọ̀dé, á gbà á, á tẹjú mọ́ ọn, á sì ké Sáàmù kẹtàlélógún jáde lórí, ì báà ṣe ìtàn Nóà là ń kà. Èmi á máa rẹ́rìn-ín, màmi á fi ẹsẹ̀ gbún mi lábẹ́ tábìlì. Lọ́jọ́ kan, ọmọ ilé kejì, tí kò tó Káyọ̀dé lọ́jọ́ orí, wá sílé wa, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí ọṣẹ tó wà lójú fèrèsé. Káyọ̀dé gba páálí náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó sì gbé e padà síbi tó wà. Àánú rẹ̀ ṣì ń ṣe mí títí di òní.

Màmi ló mú wa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, nítorí tèmi ni. Akólòlò ni mí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ tí mo wà tẹ́lẹ̀, tíṣà wa gbà pé pàṣán ló ń tú ahọ́n. Bí mo bá ti ń lé ọ̀rọ̀ kan kiri lẹ́nu, pàṣán ti ń sọ̀ sí mi lẹ́yìn. Nígbà tó yá, mi ò sọ̀rọ̀ mọ́ rárá, nílé tàbí lóde. Àsìkò yẹn ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Morẹ́nikẹ́ kó aṣọ wá fún màmi pé kó fi rán ẹ̀wù iṣẹ́ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ òun. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ni. Ó ti pẹ́ lókè òkun, ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ tíṣà, ó sì padà wálé wá dá ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ìjagun, ó sọ ọ́ ní Ìrúwé. Àǹtí Morẹ́nikẹ́ ni gbogbo wa ń pè é. Lọ́jọ́ tó wá yẹn, mo kí i, ọ̀rọ̀ há mi lẹ́nu, kò sì bá mi parí rẹ̀ bí gbogbo ènìyàn ṣe máa ń ṣe. Ó dúró. Ó dúró títí mo fi kí i tán, ó wá dá mi lóhùn bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, màmi sọ fún bàbá mi pé òun ti rí ibi tí àwọn ọmọ òun ń lọ.

N kò ní parọ́ mọ́ Ìrúwé, ibẹ̀ dùn. Kò sí pàṣán, kò sí ariwo. A gbin ẹ̀fọ́, a ro oko, a sì ń se oúnjẹ ọ̀sán fúnra wa lábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń gbẹ́ ṣíbí onígi, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń hun òwú. Wọ́n á rẹ bébà sínú omi, a ó fi ọ̀dà kun ún, àwọ̀ pupa á máa ṣàn lọ bá àwọ̀ aró, ẹnu wa á sì yà. Àǹtí ní bí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kí n máa hun òwú lọ. Ọwọ́ mi á máa lọ, ọ̀rọ̀ mi á sì máa tẹ̀ lé e. Kó tó di ìgbà ọyẹ́, mo ti ń pa àlọ́ níwájú gbogbo kíláàsì. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bú Àǹtí Morẹ́nikẹ́ lójú mi, mo máa ń ní kí onítọ̀hún rọra, nítorí ahọ́n tí mo fi ń bá a wí yìí, Àǹtí ló bá mi tú u.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Màmi ló kọ́kọ́ fura, nítorí òun náà ni wọ́n gbé ẹ̀wù àwọn ọmọlangidi ilé-ẹ̀kọ́ fún láti rán. Kò sí èyí tó ní ojú tàbí ẹnu nínú gbogbo wọn, orí lásán roboto. Ó bi Àǹtí, Àǹtí ní kí ọmọ lè fi ọkàn ara rẹ̀ ya ojú fún un ni. Kò sí ọ̀dà dúdú nínú ọ̀dà wa, wọ́n ní kò tíì yẹ ọmọ kékeré. Láràárọ̀, a ó tan àbẹ́là, a ó sì ké ọ̀rọ̀ kan sí oòrùn àti ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì, kì í sì í ṣe ti mọ́ṣáláṣí. Alhaja kan tó ń ta aṣọ, tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà pẹ̀lú wa, béèrè pé ta ni wọ́n ń ké e sí. Àǹtí ní ìdúpẹ́ lásán ni. Bí àwọn ọmọ bá sì ti lọ tán ní Ọjọ́bọ̀, àwọn tíṣà á wọ yàrá kan, wọ́n á ti fèrèsé. Gbogbo ìdáhùn Àǹtí ló dùn létí, n kò sì lè tọ́ka sí èyí tó jẹ́ irọ́ nínú wọn. Kò kàn sí èyí tó pé ni.

Bí ọ̀sẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, Àǹtí á ní kí àwọn ọmọ kékeré la ẹnu. Ẹni tí eyín rẹ̀ bá ti ká á bọ́ sí yàrá kejì, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ a, b, d. Àwọn ẹgbẹ́ Káyọ̀dé ń bọ́ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ku òun láàárín àwọn ọmọ tí kò tíì lè nu imú ara wọn, wọ́n jọ ń fi ìda oyin mọ ẹyẹ. Bàbá mi lọ béèrè. Àǹtí ní ara ọmọ náà ṣì ń kọ́lé, kí wọ́n jẹ́ kó parí. Bàbá mi padà dé, ó bọ́ fìlà, ó ní òun kò mọ ilé tí wọ́n ń sọ, pé ẹni tó bá ń kọ́lé sọ́dọ̀ òun ì bá fi hàn òun. Màmi bẹ̀ ẹ́ pé kó fi sùúrù sí i. Ó fọgbọ́n nawọ́ sí mi, ó ní ṣé kò gbọ́ bí mo ṣe ń rojọ́ láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́ ni. Bàbá mi wò mí, ó sì lọ gbé fìlà rẹ̀ kọ́.

Màmá ní tirẹ̀ ní òun kò gbọ́ ẹ̀kọ́ tó ń dúró de eyín rí, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé eyín ló dí ojú ọ̀nà, a ó bẹ̀ ẹ́ kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi epo àti iyọ̀ ra erìgì Káyọ̀dé, ó ń fún un ní àgbàdo sísè jẹ, ó ń fi àtàǹpàkò mi eyín náà láràárọ̀ àti lálẹ́. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó gba òwú dúdú lọ́wọ́ màmi, ó gbé Káyọ̀dé sáàárín ẹsẹ̀, ó so eyín náà, ó ní kó wo ẹyẹlé tó wà lórí òrùlé. Káyọ̀dé wòkè. Ó ti tán. Ẹ̀jẹ̀ dé, omi iyọ̀ dé, ọmọ ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín papọ̀. Màmá ní kó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ eyín náà, kó jù ú sórí òrùlé kí tuntun lè tètè hù, kó sì má ya ẹnu níbi tí aláǹgbá wà, torí bí aláǹgbá bá rí ojú ihò náà, eyín kò ní hù mọ́. Káyọ̀dé kọ̀, ó ní Àǹtí gbọ́dọ̀ rí i. Màmá kùn títí, ó gbà fún un. Ní Ọjọ́ Ajé, Káyọ̀dé fi bébà wé eyín rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu láti ilé dé ọ̀nà Ìjagun. Aláǹgbá sì pọ̀ lórí ògiri Ìjẹ̀bú-Òde.

Àǹtí tú bébà náà. Ó wo ìdí eyín, ó wo erìgì tó ṣì wú, ojú rẹ̀ sì yí padà. Kò bínú. Ìbànújẹ́ ni mo rí lójú rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n já èso rẹ̀ láìpọ́n. Ó mú Káyọ̀dé lọ sí igun ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí mo ti ń ká ẹní, kò sì kà mí sí. Ó rọra bá a sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ohùn dídùn tó fi ń pa àlọ́ fún wa. "Káyọ̀dé, áńgẹ́lì kan wà tó ń kọ́ ara rẹ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ. Òun ló yẹ kó yọ eyín yìí fúnra rẹ̀, nígbà tó bá parí iṣẹ́. Ẹ ti dá a lọ́wọ́ dúró." Ó ní kó tún ní sùúrù kí áńgẹ́lì náà lè tún ibẹ̀ ṣe. Ó fọwọ́ pa á lórí, ó ní, "Má sọ ọ́ nílé o. Kò tíì lè yé wọn."

Láti ọjọ́ yẹn, Káyọ̀dé kò jẹun tó nǹkan mọ́. Abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ màmi ló sọ di ilé, ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu. Màmá rò pé erìgì ló ń dùn ún, ó ń bu omi iyọ̀ gbígbóná fún un. Màmi se ìrẹsì àti dòdò, oúnjẹ ọjọ́ Àìkú, kò wò ó. Nígbà àdúrà, bí Bíbélì bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á tì í sọ́dọ̀ ẹlòmíràn bí ẹni pé iná ló wà lára ìwé náà. Kò ké Sáàmù mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bi mí bóyá ẹni tó bá ba iṣẹ́ áńgẹ́lì jẹ́ máa ń kú. Mo ní n kò mọ̀. Màmá gbọ́ wa láti ẹnu ọ̀nà, ó wọlé, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Káyọ̀dé bú sẹ́kún, ó ní wọ́n ní òun kò gbọdọ̀ sọ nílé. Ọ̀rọ̀ yẹn ló da ilé rú. Nílé wa, ọmọ lè fọ́ àwo, ó lè jalè ẹran nínú ìkòkò, wọn á nà án, wọn á sì gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n pé kí àlejò ní kí ọmọ má sọ nílé, kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Èmi ni mo sọ gbogbo ohun tí mo gbọ́, n kò sì kólòlò níbì kankan.

Bàbá mi, màmi, Màmá àtèmi la jọ lọ sí Ìrúwé. Bàbá mi kò jókòó. Ó béèrè pé áńgẹ́lì wo ni ọmọ òun dá dúró lẹ́nu iṣẹ́. Àǹtí Morẹ́nikẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ti ń wá ibi tí yóò sọ ẹrù kalẹ̀ sí tipẹ́. Ó ní àwọn tó kọ́ òun níṣẹ́ gbà pé ọmọ kì í ṣe ẹni tuntun, pé ó ti wá sáyé rí kó tó tún padà wá. Ó ní wọ́n gbà pé àwọn ẹ̀dá tí a kò rí ló ń kọ́ ara rẹ̀ fún ọdún méje, pé eyín ni àmì pé wọ́n ti ṣe tán, pé ẹni tó bá kọ́ ọmọ níwèé ṣáájú ìgbà náà ń jí agbára lọ́wọ́ wọn. Ọ̀dà, àbẹ́là, ọmọlangidi, ìpàdé Ọjọ́bọ̀, ibì kan náà ni gbogbo wọn ti wá. Bàbá mi béèrè ìdí tí kò fi sọ ọ́. Ó ní wọ́n kọ́ wọn pé ohun mímọ́ ni, pé òbí kò tíì lè gbà á. Ó tún ní, nínú ìlú tí ṣọ́ọ̀ṣì wà lápá ọ̀tún, tí mọ́ṣáláṣí wà lápá òsì, bí òun bá sọ ọ́, ta ni ì bá mú ọmọ rẹ̀ wá? Bàbá mi ní nítorí ìyẹn gan-an ló ṣe yẹ kó sọ ọ́.

Màmá wá sọ̀rọ̀. "Ọmọ mi, èmi kò bá ọ jà nítorí ohun tí o gbà gbọ́. Èmi ni mo fa eyín yẹn, bí ẹ̀bi bá wà níbẹ̀, kó wá bá mi. Èmi náà gbà pé ọmọ kì í ṣàdédé wá. Nígbà tí wọ́n bí eléyìí," ó nawọ́ sí mi, "mo ní ìyá mi ló padà dé, mo pè é ní Ìyábọ̀. Bàbá rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kèfèrí ni. A jà á tán, a sì ń jẹun pọ̀. Ó mọ tèmi, mo mọ tirẹ̀. Ìwọ ní kí ọmọ mi pa ẹnu mọ́ fún mi. Ohun tó dùn mí nìyẹn." Àǹtí kúnlẹ̀ fún un, ó bẹ̀ ẹ́. Màmi ń sunkún, n kò sì mọ̀ bóyá nítorí Káyọ̀dé ni tàbí nítorí pé ó fẹ́ràn obìnrin náà. Ó dà bíi pé méjèèjì ni.

Bàbá mi yọ Káyọ̀dé kúrò lọ́jọ́ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ níwèé fúnra rẹ̀. Kò yọ mí. Ó ní ohun tó bá ń ṣe ọmọ ní oore, òun kò ní torí ìbínú já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò mọ̀ nígbà náà bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe nira fún un tó. Àǹtí pe gbogbo òbí jọ, ó sọ fún wọn ní gbangba. Ọ̀pọ̀ kó ọmọ wọn lọ. Alhaja kò kó tirẹ̀, ó ní níwọ̀n ìgbà tí òun ti mọ ohun tó wà níbẹ̀, òun mọ àdúrà tí òun á máa gbà lé wọn lórí. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Nísinsìnyí, àwọn òbí ọ̀dọ́ máa ń wá bi mí nípa irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, ibi tí kò ti sí pàṣán, tí ọmọ ti ń fọwọ́ ṣiṣẹ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé ó dára, pé kí wọ́n lọ wò ó. Kí wọ́n sáà béèrè ìdí tí wọ́n fi ń ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe, kí wọ́n sì máa béèrè títí ìdáhùn á fi pé. Inú mi kì í dùn bí mo bá ń sọ ọ́, nítorí ojú Àǹtí Morẹ́nikẹ́ ni mo ń rí.

Ṣùgbọ́n kí Àǹtí tó pe àwọn òbí jọ, Káyọ̀dé ló kọ́kọ́ wá bá nílé wa. Ọ̀sán ọjọ́ kejì tí a ti Ìrúwé dé ni, ó fẹsẹ̀ rìn wá. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá, ó kí màmi, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, aṣọ funfun lọ́rùn rẹ̀. Màmi dá ẹ̀rọ dúró. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè rí ojú ọmọ náà lábẹ́ ẹ̀rọ, ó ní, "Káyọ̀dé, mo wá sọ fún ọ pé o kò ba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ́."

Káyọ̀dé kò mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu. Ó bi í láti ẹ̀yìn ọwọ́ náà pé, "Ṣé áńgẹ́lì yẹn ló rán yín?"

"Rárá. Èmi ni mo wá fúnra mi."

"Ṣé ẹ rí i rí?"

Àǹtí wo Màmá, ó wo màmi, kò sí ẹni tó ràn án lọ́wọ́. "N kò rí i rí," ó ní. "Àwọn tó kọ́ mi níṣẹ́ ló sọ fún mi."

"Ṣé àwọn yẹn rí i?"

Àǹtí fa etí aṣọ funfun rẹ̀. Omi ti kún ojú rẹ̀. "N kò bi wọ́n, Káyọ̀dé. N kò bi wọ́n rí."

Káyọ̀dé mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu. Ó wò ó pẹ̀lú àánú, bó ṣe máa ń wo èmi náà nígbà tí ọ̀rọ̀ bá há mi lẹ́nu. Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ ò bi wọ́n? Ṣé wọ́n máa ń nà yín ni?"

"Rárá," Àǹtí Morẹ́nikẹ́ dáhùn. "Wọn kì í nà wá. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n."